Ẹ Yé Náwó Ìsọmọlórúkọ Fún Ọmọ Tí A Kò Tíì Bí

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè bí àwọn kan nínú. Ẹ jẹ́ kó bí wọn.

Àwọn kan wà láàárín wa tó ń san owó lọ́dọọdún fún orúkọ ìkànnì tí ẹnikẹ́ni kò lò rí. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní nom de domaine níhìn-ín là ń wí: orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ sórí fóònù, tó ń parí sí .com, .tg, .bj tàbí .ng. Ọ̀gá ra orúkọ ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ní òun fẹ́ ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Ànàgó, tàbí ìtàn ìlú bàbá òun, tàbí ibi tí ìyàwó òun á ti máa ta aṣọ. Iṣẹ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ títí di òní. Tí ẹ bá tẹ orúkọ náà, ojú ewé funfun lẹ máa rí, tàbí ìpolówó àwọn tó ta orúkọ náà fún un. Síbẹ̀, bí ọdún bá ti yí po, owó á lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ là ń pe èèyàn jọ, ọmọ á sì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi oyin kàn án lẹ́nu. Ní ti èyí tí à ń wí yìí, oyún gan-an kò sí, ìnáwó ìsọmọlórúkọ sì ń wáyé lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò lójú pátákó. Orúkọ .com kan, nígbà tí ẹni tó ń tà á bá ti fi èrè tirẹ̀ lé e, tí bánkì sì ti yọ tirẹ̀ nítorí pé òkè òkun ni owó ń lọ, lè tó 20 dọ́là lọ́dún. Tí dọ́là kan bá jẹ́ 600 sẹ́fà, 12,000 sẹ́fà nìyẹn. Owó oṣù tí òfin ní kò gbọdọ̀ sí òṣìṣẹ́ tó ń gbà tó kéré jù ú lọ ní Togo, láti oṣù Kìíní ọdún 2023, jẹ́ 52,500 sẹ́fà. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn, tó sì ní orúkọ kan ṣoṣo tí kò lò, ti kó ohun tó lé ní ìdá márùn-ún owó oṣù rẹ̀ dà nù. Ẹni tó ní orúkọ mẹ́ta ńkọ́? A mọ irú wọn. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó ra méjì fún nǹkan kan náà, ọ̀kan ní àmì lábẹ́ ọ lábẹ́ ẹ, èkejì láìní àmì, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kọ. Ilé méjì tó ṣófo, ẹnu ọ̀nà kan náà!

Owó náà kì í sì í dúró lójú kan. Títí di ọdún 1995, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn ní orúkọ yìí. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni ilé-iṣẹ́ Network Solutions ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba 100 dọ́là fún ọdún méjì. Lónìí Verisign ló di .com mú. Owó tí Verisign ń gbà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà jẹ́ 7.85 dọ́là títí di ọdún 2021; ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti lọ sókè láti ìgbà náà, ó sì di 10.26 dọ́là ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Àwọn orúkọ tuntun tó ń parí sí .online tàbí .store tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á tà á fún yín ní dọ́là kan lọ́dún àkọ́kọ́, ọdún kejì á di 30. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti fi nọ́ńbà káàdì yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó máa bi yín kí wọ́n tó yọ owó.

Tó bá jẹ́ pé owó ẹnìkọ̀ọ̀kan nìkan ni, a ò bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan wà ní Lomé níhìn-ín, a ò ní dárúkọ wọn, tí wọ́n ń ka 24,000 sẹ́fà jáde nínú owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, wọ́n kọ “íntánẹ́ẹ̀tì” sí iwájú rẹ̀. Orúkọ méjì ni, ọdún mẹ́fà ti kọjá, kò sí ojú ewé kan ṣoṣo níbẹ̀. 144,000 sẹ́fà. Àwọn ìyá tó ń ta ata ló dá owó yẹn jọ. Àwa tí à ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé sì ń fi ìwé kan kọ́ ọmọ márùn-ún. Fọ́tókópì ojú ìwé kan jẹ́ 25 sẹ́fà. Owó ọdún kan péré yẹn tó ojú ìwé 960, ìyẹn ìwé kékeré olójú ewé 40 fún ọmọ 24. Ọmọ kò lè ka orúkọ ìkànnì tó ṣófo.

Tí a bá sọ ọ́, wọ́n á ní ó dà bí ilẹ̀, pé ẹni tó ra ilẹ̀ ní Agoè nígbà tó pọ̀ kò kábàámọ̀. Irọ́ ni. Ilẹ̀, ẹ rà á, ó di tiyín, àwọn ọmọ yín á jogún rẹ̀. Orúkọ ìkànnì, ẹ yá a ni. Ọjọ́ tí ẹ kò bá san owó ilé, wọ́n á tì í mọ́ yín lójú.

Wọ́n á tún ní olè á gbà á. Wọ́n á mú ìtàn Microsoft wá, tó gbàgbé láti san owó passport.com nígbà Kérésìmesì ọdún 1999, tí àwọn tó ń lo Hotmail kò rí ọ̀nà wọlé, títí Michael Chaney, tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, fi san 35 dọ́là náà látinú àpò ara rẹ̀. Òótọ́ ni ìtàn náà. Ṣùgbọ́n èèyàn rẹpẹtẹ ló ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Ta ló ń gba tiyín kọjá?

Ohun tí wọn kì í sọ jáde ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bí wọn ò bá san án mọ́, wọ́n á gbà pé àwọn kò ní ṣe iṣẹ́ náà mọ́, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dun èèyàn. Owó náà ti wá gba ipò iṣẹ́. Ẹni tó san án tán á sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹni pé ó ti kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀. Kò kọ ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan kò ní láti ra orúkọ kankan kó tó bẹ̀rẹ̀. Wikipedia Yorùbá wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìtàn ìlú rẹ̀ síbẹ̀. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName.com, wọ́n ń san owó orúkọ, a ò bá wọn wí, nítorí pé tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ máa bá orúkọ Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn níbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó ṣe sùúrù kó tó jáwọ́: ẹni tó ti fi orúkọ náà gba ìméèlì rí. Ìwé kì í béèrè ẹni tó wà nílé. Ẹ wo Mali: àdírẹ́sì àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń parí sí .mil, ti Mali ń parí sí .ml. Àìtẹ i kan ṣoṣo ló ń gbé ìwé wọn lọ sí Mali. Johannes Zuurbier, ará Netherlands, tó ń bójú tó .ml títí di oṣù Keje ọdún 2023, rí ìwé tó lé ní 100,000 gbà láàárín oṣù díẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yí ìméèlì tó wà ní bánkì yín, ní Facebook yín àti níbi iṣẹ́ yín padà. Tí ẹni tó bá ra orúkọ náà lẹ́yìn yín bá jẹ́ gbájúẹ̀, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín, ọwọ́ rẹ̀ ló máa bọ́ sí.

Àwọn yòókù, ẹ lọ pa ìsanwó aládàáṣe yẹn lónìí, ẹ sì yọ káàdì yín kúrò níbẹ̀. Fún .com, ẹni tó ń tà á lè dì í mú fún bí ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí ọdún bá pé. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ 30 wà tí ẹ ṣì lè rà á padà, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni. Ọjọ́ márùn-ún tó tẹ̀ lé e, ó di ti ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tí ẹ bá mọ ọmọ ìlú yín kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀yin fẹ́ ṣe, ẹ má dúró di ìgbà yẹn. Ẹ béèrè kóòdù tí wọ́n fi ń gbé orúkọ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Owó ọdún kan ló máa san, ó sì ti ní nǹkan tó máa gbé síbẹ̀.