Ọdún Méje Tiwa, Ọdún Mẹ́jọ Tiwọn

  

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn Islam, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí à ń sọ ní wúyẹ́wúyẹ́ ní Àgbádárìgì, tí ó yẹ kí á gbé síta gbangba báyìí. Bí bàbá-àgbà àti ìyá-àgbà bá jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìwé ìpè sì dé bá wọn pé kí wọ́n wá sí ibi tí a ó ti ri ọmọ-ọmọ wọn bọ omi ní ìjọ Mọ́mọ́nì, ṣé kí wọ́n lọ ni, àbí kí wọ́n má lọ? Àwọn kan ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé Ọlọ́hun kan náà ni gbogbo wa ń sìn. Kí wọ́n dá aṣọ ẹbí, kí wọ́n jẹ ìrẹsì, kí wọ́n padà sílé. Àwọn mìíràn ní kí á ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀ títí ayé. Àwa ń sọ ọ́ láì fi igbá kan bọ̀kan nínú pé àwọn méjèèjì ló ṣì í, àti pé nígbà tí ìwé ìpè bá ti dé, ọ̀rọ̀ ti pẹ́.

Kí á tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn ẹni ẹlẹ́ni, ó yẹ kí á mọ ohun tí ó ń ṣe. Joseph Smith, ará Amẹ́ríkà, ni ó dá ìjọ Mọ́mọ́nì sílẹ̀ ní ọdún 1830, àwọn ọmọ ìjọ náà sì gbà pé wòlíì ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ ri àwọn ènìyàn bọ omi ní Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Ímò; lónìí wọ́n ti ju 200,000 lọ ní orílẹ̀-èdè wa. Wọn kì í ri ọmọ ọwọ́ bọ omi. Wọ́n gbà pé ọmọ kékeré kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn, nítorí náà wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n á súre fún un, wọ́n á sì dúró títí yóò fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lọ́jọ́ náà, ọmọ yóò wọ aṣọ funfun. Ọkùnrin tó ní oyè àlùfáà nínú ìjọ, ó sì lè jẹ́ bàbá ọmọ gan-an, yóò bá a wọ inú omi, yóò sì rì í pátápátá. Ẹlẹ́rìí méjì yóò máa wò ó. Bí irun tàbí etí aṣọ kò bá rì, wọn á tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ọwọ́ lé e lórí, tí wọ́n á sì gbà á sí ọmọ ìjọ.

Ǹjẹ́ ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ìrẹsì? Ẹ̀jẹ́ ni ọmọ náà ń jẹ́. Ó ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti tọ ọ̀nà tí ó sọ pé Ọlọ́hun ní ọmọ, tí ó sì sọ pé wòlíì tún dé lẹ́yìn Ànọ́bì Muhammad. Bẹ́ẹ̀ Súúrà kẹtàlélọ́gbọ̀n, ẹsẹ ogójì, ti fi yé wa pé òun ni ìgbẹ̀yìn gbogbo wọn. Mùsùlùmí tó bá dá aṣọ ẹbí, tó jókòó síwájú, tó sì ń ṣe àmín, ọ̀rọ̀ wo gan-an ni ó ń ṣe àmín sí? Àwọn tó ni ìrìbọmi náà kò mú un ṣeré. Bí àwa bá wá ní eré lásán ni, àwọn ni a rí fín, a sì tún fi ẹ̀sìn tiwa wọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní kí á ti ìlẹ̀kùn, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Súúrà Lukmáánù, ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún, kọ́ wa pé bí òbí ẹni bá tilẹ̀ ń fa ọmọ lọ sí ẹbọ, kí ọmọ má tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n kí ó máa bá wọn gbé pẹ̀lú dáadáa. Nígbà tí ìyá Asmáù ọmọ Abú Bákírì wá bẹ̀ ẹ́ wò, tí ìyá náà kò sì gba Islam, Ànọ́bì ní kí ó so okùn ẹbí pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ti òbí bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni ti ọmọ-ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ, tí kò mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń bínú, yóò ṣe le jù bẹ́ẹ̀ lọ? Kí bàbá-àgbà lọ kí ọmọ náà kí ọjọ́ yẹn tó pé, kí ó sì tún lọ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó fún un ní ẹ̀bùn. Kí ó sì fi ohùn tútù sọ fún àna rẹ̀ pé: "A dúpẹ́ pé ẹ rántí wa. Ilé yín ni a ó ti wá kí ọmọ wa. Ibi ìrìbọmi ni ẹ̀sìn wa kò gbà wá láyè láti jókòó sí." Èyí kì í ṣe ìjà.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan fẹ́ràn láti máa fi àwọ̀ ara bú àwọn Mọ́mọ́nì. Òótọ́ ni pé títí di oṣù kẹfà ọdún 1978, ìjọ náà kò jẹ́ kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú gba oyè àlùfáà. Ṣùgbọ́n Àgbádárìgì ni à ń gbé. Ilé tí wọ́n ń kó ẹrú sí, tí àwọn àlejò ń wá wò títí di òní, orúkọ Sẹ̀rìkí Abass ni ó ń jẹ́, oyè Mùsùlùmí sì ni oyè náà. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ní àbàwọ́n, kì í nàka sí tẹlòmíràn. Èébú kò gba ọmọ kankan padà rí.

Kí ni ó wá ń gba ọmọ? Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀yìn wò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman wàásù ìgbàgbọ́ ní ìlú yìí, níbi igi Àgíà. Nígbà tó fi di ọdún 1845, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn CMS ti dúró létí ọ̀sà. Wàásù nìkan kọ́ ni wọ́n fi kó ọmọ wa, ilé-ìwé ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni ó wọ ilé-ìwé wọn pẹ̀lú orúkọ kan, tó sì jáde pẹ̀lú òmíràn. Nígbà tí àwọn bàbá wa dá Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, wọn kò ju òkúta lu ilé ẹnikẹ́ni. Ilé-ìwé ni wọ́n kọ́. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi dá ẹ̀kọ́ lóhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dé gan-an nìyí. Ànọ́bì wa pàṣẹ pé kí á máa pe ọmọ sí ìrun kíkí láti ọmọ ọdún méje. Ọdún méje tiwa ṣáájú ọdún mẹ́jọ tiwọn! Ta ni ó wá fi ọdún kan náà ṣòfò? Láti ọdún 1915 ni ìjọ Mọ́mọ́nì ti ń rọ gbogbo ìdílé pé kí wọ́n máa jókòó pọ̀ nírọ̀lẹ́ kan láti kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì wá yàn fún un. Kí ni à ń ṣe nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé nílé tiwa? Lọ́jọ́ kẹjọ tí a bímọ, àgbò á kú, Áfáà á kún ilé, gbohùngbohùn á gba àdúgbò kan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá pé ọdún méje, ẹ ní kí ó ka Fáátíhà, yóò máa wo ojú ìyá rẹ̀. Àwa tí à ń kọ́ni ní kéú mọ ohun tí à ń sọ. Owó ilé-ìwé kì í pẹ́. Owó kéú ni a máa ń tọrọ. Bí ìdánwò bá sì ti ń bọ̀, kéú ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ ọmọ kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tí a yọ lọ́dún yẹn ni ó dàgbà, tó fẹ́ ẹni tó wù ú, tó sì fi ìwé ìpè ìrìbọmi ránṣẹ́. Ẹnu wo la ó fi bá a wí?

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Àwọn Mọ́mọ́nì máa ń ri alààyè bọ omi ní orúkọ òkú, pàápàá òkú ẹbí tiwọn. Láti bí ọdún méjìlá ni ọmọ ti lè ṣe é, nínú tẹ́ḿpìlì wọn. Wọ́n ṣí ọ̀kan sí Ábá ní ọdún 2005, wọ́n sì kéde ní ọdún 2018 pé àwọn yóò kọ́ ọ̀kan sí Èkó. Àwọn fúnra wọn ní òkú lè kọ̀ ọ́ bí kò bá fẹ́. Àwa kò bẹ̀rù fún ẹni tó kú ní Mùsùlùmí. Kò sí omi tó lè fọ Kálímà kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ànọ́bì kọ́ wa pé nínú ohun mẹ́ta tí kì í já lẹ́yìn òkú, ọmọ rere tó ń ṣe àdúà fún un jẹ́ ọ̀kan. Alhaji tó kọ́ ilé mẹ́ta, tí kò kọ́ ọmọ ní àdúà, ta ni ó fi sílẹ̀? Ẹni tí yóò wọ omi ní orúkọ rẹ̀ ni, dípò ẹni tí yóò tọrọ àforíjìn fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ pa tẹlifíṣàn, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí ọmọ yín mọ̀ nínú ẹ̀sìn. Ẹ máa san owó kéú bí ẹ ti ń san ti ilé-ìwé. Ẹ̀yin bàbá-àgbà àti ìyá-àgbà, ẹ má ti ìlẹ̀kùn. Ọmọ tí a lé jáde kì í gbọ́ wàásù ẹni tó lé e. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ bá yan ẹni tí ẹ ó fẹ́ ni ẹ ti yan ibi tí ọmọ yín yóò wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kò sí tipátipá nínú ẹ̀sìn. Ẹ̀kọ́ nìkan ni ó wà, ẹ̀kọ́ sì ní àkókò rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí á fi ọmọ wa ṣòfò. Kí Ó fi ọ̀nà mọ àwa àti àrọ́mọdọ́mọ wa. Àmín.