Ẹ̀rọ Ìfárùngbọ̀n fún Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Nígbà tí a bá ti ta kòkó tán, tí a sì ti san gbèsè tí ó yẹ ní sísan, ọ̀pọ̀ ọkùnrin a máa yẹ ohun èlò ilé wọn wò, wọn a sì rí i pé ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n tí wọ́n ti ń lò láti ọdún pípẹ́ ti gbó. Etí rẹ̀ ti jẹ, ìdè rẹ̀ kò fún mọ́, abẹfẹ́lẹ́ inú rẹ̀ a sì máa mì bí eyín arúgbó. Ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ a fà sí òmíràn tí ó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èyí kò burú. Ohun tí ó burú ni pé púpọ̀ nínú wọn a máa san owó wọn fún dídán, wọn kì í san án fún iṣẹ́.

Bí ó bá ṣe àdá ni, kò sí àgbẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ wo àwọ̀ èèkù. Yóò fi èékánná ta irin rẹ̀ kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀, yóò wo ibi tí alágbẹ̀dẹ ti so irin mọ́ igi, yóò sì fì í lọ́wọ́ wò. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ohun tí yóò máa gba ojú ara rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọgbọ́n yìí a fò lọ, a sì gba ohun tí ọlọ́jà bá nà sí i nínú páálí aláràbarà.

Ní ayé àtijọ́, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni irùngbọ̀n fífá jẹ́. Abẹ rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti mọ iṣẹ́ nìkan ni ààbò ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti fi ìgbèjà sí etí abẹ láti ọdún 1880, ṣùgbọ́n abẹ nípọn náà ni wọ́n ṣì ń lò, wọ́n sì ní láti máa pọ́n ọn. King Camp Gillette ni ó ya ohun méjèèjì nípa. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ní oṣù November ọdún 1904 fún ẹ̀rọ tí ó wà títí, tí abẹ inú rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín tí a ó sọ nù nígbà tí ó bá kú. William Nickerson ni ó wá ọ̀nà tí a fi lè sọ irin tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ di líle kí a sì pọ́n ọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni ìjọba Amẹ́ríkà pín irú ẹ̀rọ yìí fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, láti ibẹ̀ ni àṣà kí ọkùnrin máa fá irùngbọ̀n ara rẹ̀ nílé sì ti gbilẹ̀ sí i.

Ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ mọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe. Abẹfẹ́lẹ́ olójú méjì kò nípọn ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà lọ, nítorí náà ó rọ̀, kò sì lè dá dúró níwájú irun líle. Ẹ̀rọ ni ó ń tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ láàárín orí rẹ̀ àti àwo ìsàlẹ̀, títẹ̀ yìí ni ó sì ń fún un ní agbára. Bí orí àti àwo kò bá bá ara wọn mu, abẹ a máa gbọ̀n bí ó ti ń lọ, yóò fa irun kan tu, yóò fo òmíràn, yóò sì gé awọ ara sí i. Ẹni náà a ní abẹ kò mú. Abẹ mú, ibi tí ó jókòó sí ni kò dára.

Èwo wá ni irin tí ó yẹ? Èyí tí ó pọ̀ jù lọ lọ́jà ni síńkì tí a pò mọ́ alumíníọ́mù díẹ̀. Síńkì kan náà ni a fi ń bo páànù ilé kí ó má bàa dípẹtà. Ó ń yọ́ ní ooru tí kò tó ìdajì èyí tí idẹ ń fẹ́, nítorí náà ó rọrùn fún ilé iṣẹ́ láti dà á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kí wọ́n sì fi kúróòmù bò ó títí yóò fi máa dán bí dígí. Níwọ̀n ìgbà tí ìbora náà bá pé, kò sí ìjà. Ọjọ́ tí ó bá bó níbì kan, omi yóò wọlé, síńkì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, yóò lu ihò wẹ́wẹ́ bí igi tí kòkòrò ti wọ̀. Ibi tí ó sì máa ń kọ́kọ́ kú ni ọ̀pá ìdè tí a ń lọ́ mọ́ èèkù. Síńkì kì í tẹ̀, dídá ni ó máa ń dá: ẹ̀rọ já bọ́ sórí símẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí ọmọ ilé lọ́ ọ ju bí ó ti yẹ, ọ̀pá a kán sínú èèkù, ó sì parí.

Idẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìbora rẹ̀ tilẹ̀ bó tán, àwọ̀ pupa rúsúrúsú ni yóò hàn lábẹ́, kò sì sí ohun tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ idẹ tí Gillette ń pè ní Tech jáde ní ọdún 1938. Ègé mẹ́ta péré ni: orí, àwo àti èèkù. Púpọ̀ nínú àwọn tí a ṣe nígbà náà ni a ṣì ń lò lónìí, nítorí kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó lè bàjẹ́ tán. Irin tí kì í dípẹtà ju idẹ lọ ní líle, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbẹ́, nítorí náà ni owó rẹ̀ fi ga. Ẹni tí kò ní owó púpọ̀ kò pàdánù ohunkóhun bí ó bá fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ní. Irùngbọ̀n kò mọ̀ bóyá idẹ ni ó gbé abẹ dúró tàbí irin olówó iyebíye.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé orúkọ ńlá ni ó ń sọ irin. Merkur ti ìlú Solingen àti Mühle, tí í ṣe ilé iṣẹ́ ará Jámánì méjèèjì, ní òkìkí rere, iṣẹ́ wọn sì mọ́. Síbẹ̀ síńkì tí a fi kúróòmù bò ni orí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọn tí kò wọ́n jù. Ìtọ́jú ni ó ń mú kí irú rẹ̀ pẹ́. Ẹni tí ó bá ra ti síńkì gbọ́dọ̀ máa tú u, kí ó máa ṣàn án, kí ó sì gbé e síbi tí atẹ́gùn yóò ti fẹ́ ẹ gbẹ. Kò gbọdọ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ bí a ti ń fọ idẹ àtijọ́, nítorí kíkan ọsàn àti ẹ̀rò eérú ni ó ń jẹ síńkì jù lọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ẹ̀rọ idẹ bá tó ìlọ́po mẹ́rin owó ti síńkì, tí ti síńkì sì ń dá ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ẹni tí ó ń ra ti síńkì yóò ti san owó idẹ tán ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹwàá, kò sì ní ju síńkì kan lọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yá owó nítorí idẹ. Bí owó ilé ẹ̀kọ́ bá wà nílẹ̀, kí ó ra ti síńkì tí ó mọ́, kí ó sì tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ó dára ju méjèèjì lọ, àwọn ènìyàn kì í sì í rántí rẹ̀: àlòkù. Ẹni tí bàbá tàbí bàbá àgbà rẹ̀ ti ṣe olùkọ́ tàbí akọ̀wé ní ayé ìjọba Òyìnbó, kí ó kọ́kọ́ tú àpótí ilé wò kí ó tó lọ sí ọjà. Bí kò bá rí ẹ̀rọ níbẹ̀, yóò kúkú ti gbọn ekuru inú àpótí. Bí ó bá rí i, omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó ti gbó ni yóò fi fọ̀ ọ́. Kí ó sì rì í sínú sípíríìtì kí ó tó fi abẹfẹ́lẹ́ tuntun sí i.

Níwájú ọlọ́jà, ẹni tí ó ń rajà kò gbọdọ̀ tijú láti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi abẹfẹ́lẹ́ sínú ẹ̀rọ, kí ó sì lọ́ ọ pa. Kí ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ó wo ojú méjèèjì. Bí abẹ bá yọ jáde ní apá kan ju èkejì lọ, tàbí bí ó bá dagun, kí ó dá a padà. Èèkù tí ó lẹ́wà kò lè tún ìyẹn ṣe. Kí ó tú u, kí ó tún lọ́ ọ: ìdè tí ó dára a máa lọ láìfagbára. Bí òòfà bá wà nítòsí, kí ó fi kan èèkù. Idẹ àti síńkì kì í tẹ̀lé òòfà, ṣùgbọ́n irin lásán tí a fi ohun dídán bò yóò lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, yóò sì dípẹtà kí òjò méjì tó rọ̀.

Ní ti àlàfo tí ó wà láàárín abẹ àti àwo, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń wá èyí tí ó fẹ̀, nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń fá mọ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí kò yẹ aláwọ̀ dúdú. Irun wọn ká. Bí a bá gé e wọ inú awọ ara, ṣónṣó rẹ̀ a yí padà bí ó ti ń hù, a gún ẹran, ojú a sì kún fún kókó tí ó ń yún tí ó sì ń dúdú. Nítorí èyí gan-an ni ẹ̀rọ alábẹ méjì, tí Gillette gbé jáde ní ọdún 1971, àti àwọn alábẹ mẹ́ta sí márùn-ún tí ó tẹ̀lé e, kò fi dára fún ọ̀pọ̀ wọn: abẹ àkọ́kọ́ a fa irun sókè, èyí tí ó tẹ̀lé e a gé e, kùkùté rẹ̀ a sì wọlé sábẹ́ awọ. Orí rẹ̀ tí a ń pààrọ̀ sì wọ́n gidigidi. Abẹ ẹyọ kan tí àlàfo rẹ̀ kéré, omi gbígbóná, ọṣẹ tí ó hó dáradára, àti fífá síbi tí irun dojú kọ láìfa awọ ara le, ni ó yẹ irú ojú bẹ́ẹ̀, bí ìyókù irun díẹ̀ tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Àgbẹ̀ tí kì í fá a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ lè mú èyí tí etí àwo rẹ̀ là bí òòyà, kí irun gígùn lè ráyè kọjá.

Kí a tó dá ẹ̀rọ àtijọ́ lẹ́bi pàápàá, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ abẹfẹ́lẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń fá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yóò fá ní ìgbà 104 lọ́dún. Bí ó bá lo abẹ kan fún ìgbà 5, abẹ 21 ni yóò lò. Owó kékeré nìyí, síbẹ̀ àwọn kan a máa fi abẹ kan lo oṣù mẹ́ta, wọn a sì máa kùn pé ẹ̀rọ ń dá wọn lóró.

Ó ku ọ̀ràn kan tí kò sí ẹ̀rọ tí ó lè wò ó sàn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bàbá àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ni ó jọ ń lo ẹ̀rọ kan àti abẹ kan, wọ́n sì ka èyí sí ìṣọ̀kan. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé bí ènìyàn 8 nínú 100 àwọn tí ó ti dàgbà ni ó ní àrùn mẹ́dọ̀wú irú B nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì mọ̀. Kòkòrò àrùn náà lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbẹ, bí kò tilẹ̀ ju ohun tí ojú kò rí lọ. Nítorí náà, bí owó ilé bá tó ẹ̀rọ idẹ kan tàbí ẹ̀rọ síńkì mẹ́ta, tí ọkùnrin mẹ́ta sì wà nílé, síńkì mẹ́ta ni kí bàbá rà, kí ó fi òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ so èèkù wọn. Abẹ tí ó bá kú, kí wọ́n máa sọ ọ́ sínú agolo mílíìkì tí a là lójú tóóró, kí a gbé agolo náà sórí àjà níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Bí ó bá kún, kí a fi òòlù lu ojú rẹ̀ pa, kí a sì rì í mọ́lẹ̀ jìn, kúrò níbi tí a ti ń ro oko.