Ẹ Má Jẹ́ Kí Irun Dá Ẹsẹ̀ Yín Dúró

  Nọ́ọ̀sì yín ló tún dé. Ọ̀rọ̀ tòní lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá ni: irun orí wa àti eré ìdárayá.

Tí mo bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru obìnrin, tí mo sì sọ fún un pé kó máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á ní òun ti gbọ́. Tó bá padà wá, tí mo bi í pé ṣé ó ń rìn, ẹ gbọ́ èsì tí mo sábà máa ń gbà: "Nọ́ọ̀sì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun ni." "Irun ìnáwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lórí mi, mi ò fẹ́ kó tètè bàjẹ́." "Òógùn á ba wíìgì mi jẹ́." Èyí tó sọ ọ́ lọ́dún yìí lè jẹ́ ẹni ogójì ọdún, ó sì lè jẹ́ ìyá àgbà.

Èrò tèmi rèé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: irun ló yẹ kó máa tẹ̀lé ara. Kò yẹ kí ara máa tẹ̀lé irun. Irun tí kò bá jẹ́ kí ẹ rìn, ẹ̀wà rẹ̀ ti wọ́n jù fún yín.

*KÌ Í ṢE FÀÁJÌ LÁSÁN*

Àwọn kan á sọ pé, "Fàájì ló ń dà wọ́n láàmú." Mi ò fara mọ́ ọn. Obìnrin tó ra àtàṣímẹ́ǹtì, tó sanwó iṣẹ́ fún onídìrí, tó jókòó láti àárọ̀ títí ìdí fi ń ro ó, kì í ṣe òmùgọ̀ tí kò bá fẹ́ kí òógùn ọjọ́ kan ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Owó rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí àwa òṣìṣẹ́ ìlera kàn máa pariwo pé "Ẹ máa rìn, ẹ máa rìn," láìsọ bí obìnrin ṣe máa ṣe irun rẹ̀ tí yóò fi lè rìn.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì mọ sọ́dọ̀ wa. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, tí irun wọn rí bíi tiwa, ń bá a fà á pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, Dókítà Regina Benjamin, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó wà ní ipò dókítà àgbà fún ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, lọ bá àwọn onídìrí níbi ìpàtẹ irun ńlá kan ní ìlú Atlanta. Ó sọ pé ọ̀pọ̀ obìnrin ń torí irun sá fún eré ìdárayá, ó sì fẹ́ kí àwọn onídìrí bá wọn wá irun tó lè gba òógùn. Àwọn dókítà awọ ara ní yunifásítì Wake Forest bi obìnrin aláwọ̀ dúdú 103 léèrè ọ̀rọ̀ náà. Nǹkan bí 38 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àwọn máa ń yẹra fún eré ìdárayá nígbà mìíràn nítorí irun. Nítorí náà, ẹ má tijú. Ẹ jẹ́ ká wá ojútùú sí i ni.

*OHUN TÍ ARA Ń PÀDÁNÙ*

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Tí a bá pín 150 yẹn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, lọ́jọ́ márùn-ún. Ẹni tó bá ti pé ọdún 65 tún ní láti máa fi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ṣe èyí tó ń mú ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin, kó má baà máa ṣubú.

Fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìrìn kánmọ́kánmọ́ déédéé lè mú nọ́ńbà òkè wálẹ̀ ní bíi 5 sí 8. Mi ò ní kí ẹ pa oògùn tì o. Ẹ lo méjèèjì pọ̀. Fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ìmọ̀ràn ni pé kó má jẹ́ kí ó ju ọjọ́ méjì léraléra lọ láìṣe eré ìdárayá, nítorí iṣẹ́ tí ìdárayá ń ṣe lórí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ ju ọjọ́ kan sí mẹ́ta lọ.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Irun ìnáwó tí ẹ fẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí, tí ẹ bá jókòó ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà yín kò fi rí ìrànlọ́wọ́ ẹsẹ̀ yín. Tí ẹ bá tún dì òmíràn, òmíràn tún ń bọ̀. Báyìí ni ọdún ṣe ń yípo.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Rọpárọsẹ̀ ni ètè. Irun tó rú ni làpálàpá. Síbẹ̀, làpálàpá náà ń yún ni, ẹ jẹ́ ká tọ́jú òun náà.

*ṢÉ ÒÓGÙN LÓ Ń PA IRUN?*

Omi àti iyọ̀ díẹ̀ ni òógùn. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ mọ́ orí, tó dà pọ̀ mọ́ òróró àti eruku, tí orí wá ń yún, tí a fi èékánná tàbí ìdí kóòmù họ ọ́ títí ó fi bó. Òmíràn ni kí a fi gèlè tàbí wíìgì bo orí tó ṣì tutù. Ibi tó tutù tó sì móoru ni kòkòrò làpálàpá orí fẹ́ràn.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ irun wa jù lọ, fífà ni. Ẹ wo iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀pọ̀ wa, bí irun ṣe ń sá sẹ́yìn. Òógùn kọ́ ló lé e. Tí onídìrí bá fà á débi pé ẹ ò lè fi orí lé ìrọ̀rí lóru, tí kókó kéékèèké yọ sí etí irun, tí ẹ ní láti lo oògùn ara ríro kí ẹ tó sùn, ìpalára ni. Àwọn kan máa ń sọ pé tí kò bá dùn, kò ní pẹ́ lórí. Irọ́ ni. Tí ẹ bá tètè tú u, irun á hù padà. Tí ẹ bá ń fà á lọ́dọọdún, ibẹ̀ á di àpá, irun kì í sì í hù lójú àpá. Irun tí a ti fi ríláàsà sí tún ń tètè já jù, tí a bá dì í le.

*BÍ ÀWỌN ÌYÁ WA ṢE Ń ṢE É*

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ó jẹ́rìí mi. Àwọn ìyá wa rìn lọ sóko, wọ́n ṣẹ́gi, wọ́n pọnmi, wọ́n rìn lọ sọ́jà. Wọn ò sọ pé òógùn á ba irun jẹ́, nítorí irun iṣẹ́ ló wà lórí wọn. Ṣùkú ni, kọ̀lẹ́sẹ̀ ni, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni, tàbí kí wọ́n fi òwú dúdú kó o. Irun tiwọn gan-an ni wọ́n dì, kò sí àtàṣímẹ́ǹtì tó wúwo níbẹ̀, awọ orí sì ń rí atẹ́gùn. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi àdín pa á, ọmọ ìyá wọn á tún un dì lọ́fẹ̀ẹ́. Irun tí kò náni lówó púpọ̀, ta ni yóò jókòó máa ṣọ́ ọ bí ẹyin?

Lónìí, ọ̀kadà gbé wa lọ, kẹ̀kẹ́ gbé wa bọ̀, a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di alẹ́. A wá gbé irun tí kò fẹ́ òógùn lé orí ara tó nílò òógùn. Ibẹ̀ ni nǹkan ti wọ́.

*OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ MÁA ṢE*

1. *Ẹ yan irun tó lè rìn.* Irun dídì tí kò le, irun kíkó, tàbí irun gígé mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ àtàṣímẹ́ǹtì, kó má gùn jù, kó má wúwo, kó má sì kọjá oṣù méjì lórí. Ẹ sọ fún onídìrí kó tó bẹ̀rẹ̀ pé, "Má fà á o." Tó bá ti ń dùn yín, ẹ ní kó tú ibẹ̀.

2. *Ẹ to ọjọ́ irun mọ́ ọjọ́ ìdárayá.* Ọjọ́ tí ẹ máa tú irun ni kí ẹ ṣe ìdárayá tó le jù, kí ẹ làágùn dáadáa, kí ẹ wá tú u, kí ẹ fọ̀ ọ́. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì tí irun ṣì tuntun, ẹ rìn jẹ́jẹ́ ní ìdájí kí oòrùn tó yọ, tàbí kí ẹ máa dìde lórí àga kí ẹ tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá. Èyí kì í jẹ́ kéèyàn làágùn púpọ̀, ó sì ń fún itan lágbára.

3. *Kí ẹ tó jáde.* Ẹ bọ́ wíìgì sílé. Ẹ fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di etí irun kó lè máa fa òógùn, ẹ má sì so ó le. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń lo híjáàbù, ẹ lo èyí tó jẹ́ òwú fún ìrìn, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tí ẹ bá délé.

4. *Tí ẹ bá dé.* Ẹ ṣí orí sílẹ̀ kó gba atẹ́gùn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ òógùn kúrò, ẹ má fi ra á. Ẹ lè fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi nu ojú ìlà irun, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó wé gèlè. Òróró díẹ̀ tó irun. Ẹ má dà á sí awọ orí bí ẹni fẹ́ dín àkàrà.

5. *Fífọ̀.* Kò pọn dandan kí ẹ fọ irun lójoojúmọ́ tí ẹ bá rìn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì ló bá irun tiwa mu. Irun tó wà ní dídì náà ṣeé fọ̀: ẹ po ọṣẹ irun mọ́ omi, ẹ dà á sójú ìlà, ẹ fi ìka rọra fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án dáadáa, kó sì gbẹ dé ìdí kí ẹ tó sùn.

6. *Ríláàsà.* Ẹ má fi sí orí tó ti bó, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ họ, tàbí tó ṣì ń làágùn. Yóò jó yín.

7. *Ẹ má yá ara yín ní kóòmù àti ìborí.* Làpálàpá àti iná orí máa ń gba ibẹ̀ ràn.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bá ti dé 180 lórí 110, tàbí tí àyà ń dùn ún, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ tó bá rìn, kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Tí irun bá ń jábọ́ ní odindi lójú kan, tàbí tí ibẹ̀ ń pá tó sì ń hó èépá, ẹ wá sí ìlé ìwòsàn. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn táírọ́ìdì lè mú irun jábọ́, ọmọ bíbí náà sì lè mú un jábọ́ fún oṣù díẹ̀. Ẹ má kàn di gbogbo rẹ̀ ru ìdárayá.

*SÍ ÀWỌN OLÓRÍ ẸGBẸ́ ÀTI ÀGBÀ*

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan yín jù ló kù. Àwọn ẹgbẹ́ kan á mú aṣọ ẹbí, wọ́n á tún mú irun ẹbí, wọ́n á ní kí gbogbo wa dì í báyìí. Ẹni tí ìwájú orí rẹ̀ ti ń sá á jókòó, wọ́n á fà á, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ya ara òun sọ́tọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi aṣọ mọ. Gèlè nìkan tó láti mú wa bára mu.

Èkejì, nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, opó ló ń fá irun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí obìnrin bá gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ lónìí, ẹnìkan á bi í pé, "Ta ló kú?" Obìnrin tó gé irun kó lè rí orí fọ̀, kó lè rìn, kó lè pẹ́ láyé, kò ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin àgbà, tí ẹ̀yin bá yìn ín, àwọn ọmọdé á dákẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú òwúrọ̀ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tí a óò máa rìn pọ̀. Tí gbogbo wa bá so aṣọ òwú mọ́rí, tí gbogbo wa làágùn, ta ló máa wo irun ẹnìkejì rẹ̀?

A máa ń sọ pé irun ladé obìnrin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà láàyè, tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ló ń dé adé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, jíjókòó sójú kan kò sì ní jẹ́ oògùn irun láé.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì kà á sétí àwọn ìyá tí ojú wọn ò ríwèé mọ́. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì yín.