Ta Ló Ń Wo Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọ Wa?

Ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Tí Arsenal bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, a máa ń sanwó wọlé ìwòran, a ó sì wò ó lórí ìdúró. A ó ní ọmọ wa ni Saka. Ṣùgbọ́n Command Day Secondary School, iléèwé àwọn ológun, wà ní Òṣòdì nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí. Ta nínú wa ló mọ bí sáà bọ́ọ̀lù wọn ṣe ń lọ? Ta ló lè dárúkọ agbábọ́ọ̀lù wọn kan ṣoṣo?

Ẹ má sọ pé bọ́ọ̀lù ọmọ iléèwé ò já mọ́ nǹkan kan. St. Finbarr's l'Ákọkà ni Stephen Keshi ti gbá a, kó tó gba ife Áfíríkà ní 1994 àti 2013.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1890 ni iléèwé ológun orí ilẹ̀ ti ń bá ti ojú omi gbá irú bọ́ọ̀lù tiwọn. Tó bá parí, ikọ̀ méjèèjì á jọ dúró, wọn á kọ́kọ́ kọ orin iléèwé tó fìdí rẹmi. Ẹni tó pàdánù náà lẹ́ni tó ń wò ó.

Ọmọ tí àwa ò bá wò, ajẹ́ńtì onírọ́ ló máa wò ó. Á gbowó lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, á ní Yúróòpù ti dé tán. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ lọ pàtẹ́wọ́. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.