Òkun Jìnnà sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Òjò Rẹ̀ Kò Jìnnà

Omi òkun Àtìláńtíìkì kì í dúró sójú kan. Omi tó gbóná, tó sì níyọ̀, máa ń ṣàn lójú òkun lọ sí àríwá. Bó bá dé ìtòsí Greenland, á tutù, á wúwo, á rì, á sì gba ìsàlẹ̀ òkun padà sí gúúsù. Ìṣàn yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní AMOC. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé bí ayé ṣe ń gbóná, yìnyín Greenland ń yọ́, omi tí kò níyọ̀ ń da pọ̀ mọ́ ti òkun, omi náà kò sì wúwo tó láti rì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí kò bá rì mọ́, ìṣàn náà lè dáwọ́ dúró.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gba àsọtẹ́lẹ̀ yìí gbọ́, iyèméjì wọn kò sì ṣàìnídìí. Ní ọdún 2021, IPCC, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́, sọ pé ìṣàn náà yóò dẹ̀rọ̀ ní sẹ́ńtúrì yìí, ṣùgbọ́n pé àwọn kò retí kó dáwọ́ dúró lójijì ṣáájú ọdún 2100. Ní oṣù Keje 2023, Peter àti Susanne Ditlevsen, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní Yunifásítì Copenhagen, gbé ìṣirò jáde pé ó lè ṣẹlẹ̀ nígbàkigbà láàárín 2025 sí 2095. Ní oṣù Kẹwàá 2024, onímọ̀ 44 kọ lẹ́tà sí àwọn mínísítà ilẹ̀ Nordic, ní àríwá Yúróòpù, pé a ń fojú kéré ewu náà. Nígbà tó di oṣù Kejì 2025, ìwádìí Met Office, àjọ ojú-ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Yunifásítì Exeter, tó lo ìṣirò kọ̀ǹpútà oríṣi 34, ní afẹ́fẹ́ orí òkun gúúsù ayé kò ní jẹ́ kó dáwọ́ dúró pátápátá ní sẹ́ńtúrì yìí.

Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo èyí, tó ní àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò, òótọ́ ló sọ. Ìgbà tí yóò ṣẹlẹ̀ àti bí yóò ṣe le tó ni wọ́n ń jà lé lórí. Pé ayé ń gbóná, pé yìnyín ń yọ́, pé ìṣàn náà yóò dẹ̀rọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìjà níbẹ̀. Ọdún 2004 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wọn ìṣàn náà láìdáwọ́ dúró, láti ẹ̀gbẹ́ Florida dé etíkun Áfíríkà, àkókò yẹn sì kúrú fún ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé ìròyìn náà jẹ̀bi: ọdún tó súnmọ́ jù nínú ìṣirò ni wọ́n máa ń fi ṣe àkọlé.

Ọ̀rọ̀ òkun yìí kan ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ tó ń ru omi wá láti òkun gúúsù ló ń di òjò ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Ìlobù àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, láti àkọ́rọ̀ títí dé àrọ̀kúrò. Òjò yìí ló ń bọ́ odò Ẹrinlẹ̀, tí ìsédò orí rẹ̀ ń pèsè omi fún Ẹdẹ àti Òṣogbo. Ẹrẹ̀ tí àwọn onímọ̀ wà jáde nísàlẹ̀ òkun nítòsí Kamẹrúùnù, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007, sọ ìtàn òjò ẹkùn yìí fún nǹkan bí 155,000 ọdún: nígbà tí àríwá Àtìláńtíìkì bá tutù gan-an, òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń dínkù. Ọ̀dá tó bá Sahel, ìyẹn ẹkùn tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, jà, tó le jù ní 1972 sí 1973 àti 1983 sí 1984, ìgbóná-òun-ìtutù ojú òkun lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, òkè Ọya ni yóò kọ́kọ́ jìyà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀wà, àlùbósà, tòmátì àti màlúù tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìlobù ti ń wá.

Àìgbàgbọ́ tún máa ń ná ènìyàn lówó àti ẹ̀mí. Ní 2022, NiMet, àjọ ojú-ọjọ́ Nàìjíríà, àti NIHSA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi, ti kìlọ̀ nípa omíyalé ṣáájú àkókò òjò. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kò kọbi ara sí i, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé etí odò kò sì ṣípò padà. Nígbà tí omi náà dé, ó lé ní 600 ènìyàn tó kú, iye àwọn tó sì kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù kan.

Àríyànjiyàn kan wà tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: pé ẹni tí kò mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀ lọ́la kò lè sọ ti ọgbọ̀n ọdún. Kò sí àgbẹ̀ tó mọ ọjọ́ tí ọyẹ́ yóò wọlé, síbẹ̀ gbogbo wọn mọ̀ pé yóò wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èkejì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dáadáa: pé èéfín tí Áfíríkà ń tú sójú ọ̀run kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ti gbogbo ayé, àwọn tó sì ń tú èyí tó pọ̀ jù ló ń kìlọ̀ fún aládùúgbò wa pé kó má dáná èédú. Ẹ̀sùn yẹn tọ́. Àmọ́ kò sọ ìgbóná ayé di irọ́.

Ojú tí ìwé ìròyìn yìí fi wò ó ni pé ìṣirò tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ni yóò mú kí wọ́n gbàgbọ́. NiMet ti ń túmọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdọọdún sí Yorùbá, ó sì yẹ kí a gbóríyìn fún un. Ohun tó kù ni pé kí ó máa sọ, nígbà tí òjò bá parí, ohun tó sọ tẹ́lẹ̀, èyí tó ṣẹ àti èyí tí kò ṣẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dún àti Òrólú lẹ àkọsílẹ̀ náà mọ́ ara ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n sì kà á lọ́jà àti lórí rédíò, kí àgbẹ̀ tó bá fẹ́ jiyàn rí ohun tí yóò fi jiyàn.