Kí Èrò Tó Dé

Ẹni tó bá pe 500 ènìyàn sí ìnáwó kì í dáná fún 50. Bí oúnjẹ bá tán nígbà tí àlejò ṣì ń wọlé, kò lè sọ pé àlejò ló pọ̀ jù, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló pín ìwé ìpè. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá àwọn báńkì sọ lónìí kò ju èyí lọ.

Àwa ọmọ Yorùbá tí a ń ṣòwò ní Òkè Ọya kò jẹ́ gbàgbé oṣù kejì ọdún 2023. Báńkì Àpapọ̀ ti kéde lóṣù kẹwàá ọdún 2022 pé òun yóò pààrọ̀ owó náírà, ṣùgbọ́n owó tuntun kò tó nílẹ̀. Ni gbogbo ayé bá gba orí fóònù lọ lẹ́ẹ̀kan náà, áàpù báńkì kò sì lè gbé èrò náà. Owó á kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń retí rẹ̀. Oníbàárà dúró ti ọjà tó ti sanwó rẹ̀. Owó oògùn ìyá ẹni ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ há sáàárín ọ̀nà. Ẹni tó wà nílé lè sáré yá owó lọ́wọ́ ará àdúgbò. Àwa tí a jìnnà sílé, fóònù yìí ni ọwọ́ tí a fi ń tọ́jú òbí.

Wọ́n lè ní kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èrò yóò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. A kò gbà. Wọ́n mọ gbèdéke ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá, ìyẹn ọjọ́ 31 oṣù kìíní. Bákan náà, ọdọọdún ni Iléyá, Kérésìmesì àti ìwọlé ọmọ ilé ìwé ń dé.

Ọ̀nà sì wà láti mọ agbára áàpù ṣáájú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ní kọ̀ǹpútà tó lè ṣe bí ẹni pé òun ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà. Wọn á fi 100 bẹ̀rẹ̀, wọn á sún un dé 1,000, títí dé iye èrò tí wọ́n ń retí lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá dí jù lọ, wọn á sì kọjá ibẹ̀. Wọn á máa ka ìṣẹ́jú àáyá tí ìdáhùn fi ń pẹ́ àti iye ìgbà tó kùnà, wọn á sì wo ibi tó kọ́kọ́ rẹ̀. Wọn á fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí òmíràn wà tó jẹ́ pé bó bá ṣiṣẹ́ pẹ́ ló tó ń dákú. Kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni kò ní sọnù nínú ìdánwò yìí.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ló ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí HealthCare.gov, níbi tí ará ìlú yóò ti ra ìdánilójú ìlera. Nǹkan bí 50,000 sí 60,000 ènìyàn ni wọ́n ń retí lẹ́ẹ̀kan náà. 250,000 ló dé. Ìròyìn jáde lẹ́yìn náà pé nígbà ìdánwò ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ènìyàn ti tó láti dá a dúró, síbẹ̀ wọ́n ṣí i. Ènìyàn 6 péré ló parí ìforúkọsílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n rí ibi tó ti ń jò kí wọ́n tó wọlé sùn, òjò bá pa wọ́n.

Nítorí náà, a ń bẹ Báńkì Àpapọ̀ pé kó máa bi báńkì kọ̀ọ̀kan léèrè kí àkókò ìnáwó tó dé: èrò mélòó ni áàpù yín gbé nígbà ìdánwò, níbo ló sì ti kọ́kọ́ kùnà? Kí wọ́n jẹ́ kí àwa oníbàárà náà gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ bá wa béèrè pẹ̀lú, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.