Ìgbà Tí Òjò Bá Ń Rọ̀ La Nílò Rédíò Jù

Ní oṣù Keje tó kọjá, mo wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Bẹyẹrúnkà. Àbúrò bàbá mi ti gbé àwo sátẹ́láìtì sórí páànù ilé wọn, ó sì ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè máa gbọ́ rédíò lórí dekóda. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, kò pariwo rárá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ṣú láti ọ̀nà Màpó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń sọ nípa ọ̀nà tí omi ti dí. Bó ṣe fẹ́ dárúkọ àdúgbò náà báyìí, kẹ́kẹ́ pa.

Ìyá àgbà bi mí pé, "Àjọkẹ́, ṣé wọ́n ti parí ètò ni?"

Mo ní, "Rárá o, Ìyá. Òjò ló gbé e lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fa rédíò kékeré oníbátìrì wọn yọ. Ó ń hó, ohùn sì ń lọ sókè lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ orúkọ àdúgbò náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè dákẹ́ mọ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa bá ń sọ pé FM ti di ẹrù àtijọ́, pé orí sátẹ́láìtì àti íntánẹ́ẹ̀tì ni kí gbogbo rédíò kó lọ. Èrò tèmi ni pé ohun tó bá máa ń dákẹ́ lásìkò òjò kò lè rọ́pò FM ní ìlú tí omíyalé ti ṣe bẹ́ẹ̀ fojú rẹ̀ rí màbo.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀. Sátẹ́láìtì tó ń bá àwo wa sọ̀rọ̀ wà lókè ìlà agbedeméjì ayé, ní nǹkan bíi kìlómítà 35,786 sí ilẹ̀. Ìgbì tó fi ń rán ohùn wá sínú irú àwo bẹ́ẹ̀ kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, ẹ̀kán omi á gbé lára agbára ìgbì yìí mì, á sì fọ́n ìyókù ká. Ìgbì FM ní tirẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 3. Ẹ̀kán òjò kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí FM bá rẹ̀, ó máa ń hó kí ó tó lọ, etí á sì máa ṣa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ti dekóda kò rí bẹ́ẹ̀: á mọ́ gaara títí dé ibì kan, lẹ́yìn náà kò ní sí ohunkóhun mọ́.

Àwọn kan á ní gbogbo sátẹ́láìtì kọ́ ni òjò ń dà láàmú. Òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ WorldSpace, tí Noah Samara tí wọ́n bí ní Etiópíà dá sílẹ̀, fi sátẹ́láìtì AfriStar sójú ọ̀run kí Áfíríkà lè máa gbọ́ rédíò. Ìgbì tirẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, òjò kò fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Ṣùgbọ́n eríàlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run. Ẹni tó bá gbé e wọ yàrá abẹ́ páànù lẹ́yìn Ọjà'ba, ó di dandan kó wá ojú fèrèsé fún un. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onírédíò sátẹ́láìtì ní láti ri ẹ̀rọ agbóhùn mọ́lẹ̀ káàkiri ìlú ńlá, nítorí pé ilé gíga ń dí ohùn lọ́nà. Ní ọdún 2008, gbèsè bo WorldSpace mọ́lẹ̀, ó tọ ilé ẹjọ́ lọ fún ààbò, nígbà tó sì yá, ètò náà dópin. Owó tí àwọn èèyàn fi ra ẹ̀rọ rẹ̀ wọgbó.

Àwa ará Ìbàdàn mọ ohun tí òjò lè ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ṣọṣẹ́, ẹ̀mí tó lé ní 100 lọ sí i. Nírú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà ní Bẹẹrẹ nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé kó má gba orí afárá kọjá. Wákàtí náà gan-an ni àwo orí páànù máa ń di odi.

Mi ò sọ pé FM kò lẹ́bi. Bí iná bá lọ tí kò sí dísù nínú jẹnẹrétọ̀, òun náà á dákẹ́. Kò sì lè dé ibi tí sátẹ́láìtì ń dé. Kí àwo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣe dá wà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rédíò, mo bẹ̀ yín: bó bá jẹ́ orí sátẹ́láìtì nìkan ni ìròyìn fi ń dé ọ̀dọ̀ yín láti ìlú mìíràn, ẹ wá ọ̀nà kejì fún un kí òjò tó dé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ gbé rédíò kékeré kan lọ sí Màpó, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba lọ́jọ́ òjò. Ẹ wọ inú yàrá, ẹ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí ohùn ti já sílẹ̀. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi ní Bẹyẹrúnkà. Bátìrì tuntun ni mo sì rà lọ fún ìyá àgbà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.